Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Jí

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ro ibi sílẹ̀ fún àwọn tó bá gbà á síṣẹ́. Bó bá wọ ilé iṣẹ́ kan, kó tiẹ̀ tó jókòó, ojú rẹ̀ á ti lọ sókè àjà, á máa wá ibi tí omi lè ti jò. Á yọjú wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, á wo àwọn wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀: "Bó bá jóná ńkọ́? Bí gbogbo kọ̀ǹpútà yín bá jóná láàárọ̀ yìí, báwo lẹ ṣe máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án?" Àwọn ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òun náà á ṣe àmín, á sì tún un béèrè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bójónáńkọ́ nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ò pè é ní nǹkan míì mọ́.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló pè é lọ́dún náà. Dókítà tó ni ibẹ̀, obìnrin gíga kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìbéèrè yẹn, nítorí ojú ti rí nǹkan níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, iná mànàmáná ya wọ ilé náà pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pa kọ̀ǹpútà àgbà, ìyẹn èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn tó wá, èsì àyẹ̀wò wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá pè. Ohun tí wọ́n rí ṣe kò ju pé wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà: ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́, kí ẹni tó bá ti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jọ̀ọ́ wá fi òmíràn sílẹ̀. Ẹlòmíì padà wá. Ẹlòmíì ò wá.

Dókítà sọ fún un pé: "Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́ láyé. Ẹ bá mi ṣètò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dán an wò lójú mi."

Bójónáńkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ibẹ̀ wò láti yàrá dé yàrá. Ó yẹ ẹ̀ka wọn kékeré tó wà lápá kejì ìlú náà wò, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tó mú un pariwo. Abẹ́ tábìlì kan ni àpótí dúdú kan wà, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó ń jókòó nídìí tábìlì náà sì sọ ọ́ di ohun tó ń gbẹ́sẹ̀ lé. Díìsìkì ni. Ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn tẹ́lẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ pé kó máa gba ẹ̀dà iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀ka ńlá. Ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná ya wọlé. Gbogbo ohun tí wọ́n sunkún lé lórí, abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló wà.

"Ìdánwò wa ti dé nìyí," ni Bójónáńkọ́ wí. "A ó fi ẹ̀dà yìí jí kọ̀ǹpútà tó kú yẹn dìde. Bó bá dìde, a jẹ́ pé a lè jí èyí tẹ́ ẹ ń lò báyìí náà bó bá di ọjọ́ burúkú."

Ẹni tó bá a ṣe é ni ọkùnrin tó wá ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀ báyìí. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, wọ́n ń pè é ní Wáyà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi orúkọ náà dáhùn fóònù. Wọ́n mú àárọ̀ ọjọ́ kan tí èrò kì í pọ̀. Kí ohun àtijọ́ má baà dà pọ̀ mọ́ tuntun, Wáyà yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ lò, ó gbé okùn náà sókè bí ẹni tó pa ejò.

"Ẹ wò ó, Àǹtí. Kò sí ibi tó lè lọ."

Wọ́n da ẹ̀dà náà sínú rẹ̀, wọ́n sì tan án. Ẹ̀rọ náà kùn, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀ tí Bójónáńkọ́ fi ń gbá ìka mọ́ tábìlì, lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ là. Orúkọ ń jáde tẹ̀lé orúkọ. Wáyà pàtẹ́wọ́, ó yí po lẹ́ẹ̀kan lórí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀. Dókítà tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fọwọ́ lé àyà.

"Gbogbo eléyìí ló wà níbì kan, tí à ń gbẹ́sẹ̀ lé e?"

Inú Bójónáńkọ́ dùn dẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fún un láyọ̀ báyẹn. Ohun tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tó rò ni pé kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ pé òun kú rárá. Lójú tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣì wà, ó sì ku iṣẹ́ kan tí òun kò tíì jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Obìnrin tó ń gbàlejò ló kọ́kọ́ já wọlé, fóònù kan létí, òmíràn lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe nínú ibí? Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní a ní kí wọ́n wá gba èsì àyẹ̀wò wọn, mi ò sì rí orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Wọ́n ti ṣi nọ́ńbà pè ni," ni Wáyà wí.

"Ṣi nọ́ńbà kẹ̀? Ilé àyẹ̀wò wa ni wọ́n ń dárúkọ! Mo ní kí ẹnìkan kà á sí mi létí. Ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n ní kí àwọn kan ṣáà wá gbèsì. Wọ́n ní kí àwọn míì tètè wá rí dókítà, kí wọ́n mú ẹnìkan nínú ẹbí wọn dání."

Bójónáńkọ́ yíjú sí kọ̀ǹpútà náà. Ó mọ oríṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, ó ti kà wọ́n nígbà tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Èkejì, ẹni tí nǹkan ń ṣe ni.

"Wáyà, kí ló ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ jáde ní ilé yìí?"

"Kò lè jáde, Àǹtí, mo ti yọ..." Ẹnu rẹ̀ dúró ní ṣíṣí. Ó yí padà, ó tẹ̀ ba, ó nawọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síìmù fóònù wà nínú rẹ̀, okùn rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ tí wọ́n tàn, iná aláwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. "Yéè! Mo gbàgbé eléyìí. Àǹtí, mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá."

Bójónáńkọ́ fa okùn rẹ̀ já. Iná kékeré náà kú. Ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ. Gbogbo ẹni tí èsì rẹ̀ ti jáde lọ́jọ́ ọ̀ràn yẹn, tí wọn ò sì tíì ráyè sọ fún, fóònù rẹ̀ ti dún láàárọ̀ yìí.

"Èmi ni mo kọ ètò ìdánwò yìí," ló wí. "Èmi ló yẹ kí n béèrè gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde."

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ tán tí fóònù tirẹ̀ náà dún. Màmá rẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, ṣé o ráyè?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, Mà. Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan. Àwọn kan ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n tètè wá rí dókítà, kí n mú ẹnìkan nínú ẹbí mi dání. Mo ní bóyá àwọn gbájú-ẹ̀ ni, kí n bi ìwọ tó o mọ̀ nípa nǹkan ẹ̀rọ. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Bójónáńkọ́ tẹ fóònù mọ́ etí. "Ibo ni wọ́n ní kí ẹ wá, Mà?"

Màmá rẹ̀ ka orúkọ náà díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kàwé lórí fóònù. Orúkọ tí wọ́n ń kà náà wà lára ògiri iwájú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ń wò ó, kò sì fẹ́ gbà pé ohun kan náà ni.

"Ìgbà wo lẹ wá ṣe àyẹ̀wò, Mà?"

Ìyá ní, "Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé jìbìtì ni àbí jìbìtì kọ́? Ìyẹn ni mo bi ọ́."

"Ẹ má pa á rẹ́. Mò ń pè yín padà, Mà."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Wáyà tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó rọra ní, "Àǹtí, ẹ sọ orúkọ màmá fún mi. Kí n wò ó fún yín kíá."

Orúkọ màmá rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀ lóòótọ́. Kò ju kó nawọ́ lọ. Ó rí i pé ọwọ́ òun tilẹ̀ ti ń lọ, ó bá fi òmíràn dì í mú.

"Rárá. Mo ti bá Dókítà tọwọ́ bọ̀wé pé mi ò ní wo èsì ẹnikẹ́ni."

"Màmá yín mà ni."

"Torí màmá mi ni. Àwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n tó pinnu bóyá kí èmi gbọ́."

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn nígbà tí Bójónáńkọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Dókítà ti ń kọ ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́: ẹ má bínú, àṣìṣe ẹ̀rọ ni, ẹ má ka àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ yìí sí.

"Kì í ṣe àṣìṣe, Dókítà. Èsì àyẹ̀wò wọn ni," ni Bójónáńkọ́ wí.

"Èsì ọdún méjì sẹ́yìn! Kí ni mo fẹ́ sọ fún èèyàn? Pé mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi eléyìí ránṣẹ́, a ti wá mọ̀ ọ́n, a sì ní kí wọ́n lọ sùn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi kojú àwọn agbẹjọ́rò wọn ni?"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí obìnrin agbàlejò fi tún yọjú. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹnìkan wà níta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Bàbá kan tó ń wa takisí ni. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù kékeré kan tó lápò òdòdó wà lọ́wọ́ òsì. Wọn ò jókòó lórí àga tí wọ́n fún wọn.

"Èmi kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ìyàwó mi ni. Mo máa ń gba iná sí fóònù rẹ̀ ṣáá, mi ò mọ ìdí. Ó wá dún láàárọ̀ yìí."

Agbàlejò fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ṣé àwọn fúnra wọn ń bọ̀ lẹ́yìn ni, sà?"

"A ti sin ín. Ọdún tó kọjá."

Dókítà rọra ní kí wọ́n bá òun wọ ọ́físì, wọ́n ní rárá, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀, kò sí àṣírí kankan mọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó jí náà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, gíga rẹ̀ ti dín kù.

"Ṣúgà ni, sà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga kọjá ààlà."

"Ṣúgà?" Bàbá náà wo Dókítà, wọ́n wo Bójónáńkọ́, wọ́n wo Wáyà. "Ṣúgà kẹ̀? Ibà ni wọ́n sọ fún wa. Oògùn ibà ni mò ń rà. Ó ń mu omi, ó ń mu omi, èmi ni mò ń bu omi fún un, mo ní ooru ara ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé wọ́n ń wo ìyẹn sàn?"

Dókítà kò parọ́. "Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, sà. Èèyàn lè pẹ́ láyé pẹ̀lú ẹ̀."

Bàbá náà ranjú kankan bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi eléyìí ṣe báyìí?"

Bàbá náà fi fóònù ìyàwó wọn sínú àpò àyà, wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n sì jáde. Láti ojú fèrèsé, Bójónáńkọ́ àti àwọn yòókù rí bàbá náà tí wọ́n wọ ọkọ̀, tí wọ́n di ọwọ́ ọkọ̀ mú, tí wọn ò sì ṣíná ọkọ̀ náà. Obìnrin kan fọwọ́ kan gíláàsì ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé òun. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tó ti kọ sí wẹ́wẹ́.

"Ẹ pe gbogbo wọn," ló wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí a ní kí wọ́n tètè wá. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn gẹ́lẹ́. Àyẹ̀wò tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Bí wọ́n bá bú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín."

Ẹni àkọ́kọ́ tí Bójónáńkọ́ pè ni màmá rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀, Mà. Kì í ṣe jìbìtì. Ibẹ̀ ni mo wà."

"O wà níbo?"

"Níbi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ìyá dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ibi tó bá níyì, báàgì wọn ní abíyá, wọ́n ń wo ọmọ wọn bí ẹni tí wọ́n bá níbi tí kò yẹ. Dókítà mú wọn wọlé. Bójónáńkọ́ jókòó sí ìta pẹ̀lú àwọn tó ti ń dé, ó wo bàtà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí tí ìyá náà yọ orí.

"Wọ́n ní kí n mú ẹnìkan nínú ẹbí mi dání. Àbí ìwọ kì í ṣe ẹbí ni?"

Kíndìnrín ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá fi sílẹ̀ nígbà náà fi hàn pé kíndìnrín wọn ti ń rẹ̀. Dókítà ní òun ò lè sọ bó ṣe rí báyìí àfi kóun gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà wà lára ìyá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn Bójónáńkọ́: èmi ni mò ń lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn tí mò ń bi àwọn tí mi ò mọ̀ rí nípa ohun tó lè bàjẹ́, mi ò sì mọ ohun tó ń bàjẹ́ lára ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Mà, ẹ rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn, àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá?"

Ìyá ń tẹ òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́. "Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Mo ní Ọlọ́run ò fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ni. Mo lọ sílé, mo sùn dáadáa."

"Kẹ́ ẹ sì sọ fún èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?" Ìyá gbójú sókè, kò sí ìbínú níbẹ̀. "Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kó gbọ́. Tí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú rẹ, wàá bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ eléyìí ńkọ́, bó bá jẹ́ tọ̀hún ńkọ́. Wàá wo àga mi, wàá wo àtẹ̀gùn mi, wàá ní kí n má gun un. Ẹ̀rù máa ń bà mí tó o bá wá kí mi, ọmọ mi. Ilé mi á dà bí ilé tó fẹ́ wó."

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tí kò rò. Ó ti pẹ́ tó ń rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, apá wọn kan ara wọn títí Wáyà fi bu omi wá fún wọn nínú ife bébà.

Èsì tuntun jáde. Kíndìnrín náà ti burú sí i, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ tán. Dókítà àgbà tí wọ́n rán wọn lọ bá ní ilé ìwòsàn sọ ọ́ láìfi bò: ká ní wọ́n tètè dé, oògùn díẹ̀ ni ì bá tó. Nísinsìnyí, wọ́n ó máa lo púpọ̀, wọ́n ó máa wá ṣe àyẹ̀wò déédéé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sẹ́nu.

Ti àwọn yòókù yàtọ̀ síra wọn. Àwọn kan ti ṣe àyẹ̀wò níbòmíràn tipẹ́tipẹ́, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan bú Wáyà títí tó fi sunkún. Nọ́ńbà àwọn kan kò lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe wọ́n. Bàbá onítakisí kò padà wá. Dókítà lọ bá wọn nílé, kò sì sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn tí ara ti wálẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó tan nǹkan kan, Bójónáńkọ́ ní kí Wáyà kó gbogbo ohun tó lè gbé ọ̀rọ̀ jáde nílé náà wá sórí tábìlì kan. Dókítà dúró tì í, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yọrí wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn náà, ó lọ kí màmá rẹ̀. Ó rí i pé àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ti sán, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìyá gbé ìrẹsì àti ẹyin síwájú rẹ̀, wọ́n ti iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì gbé abọ́ tiwọn dání, wọ́n ń fi ṣíbí ro oúnjẹ náà bí ẹni tó ń ro ẹrẹ̀.

"Ẹyin tí ò níyọ̀," ni ìyá wí. "Ta ló rán mi níṣẹ́?"

Bójónáńkọ́ ti iyọ̀ padà sí àárín tábìlì láìbù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Kí lo ń ṣe yẹn? Kò sí nǹkan tó ń ṣe kíndìnrín tìrẹ."

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu ni, Mà."

Ìyá wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ń fún pọ̀. "Ó burú, àbí kò burú?"

"Ó burú gan-an."

Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kó fún àwọn ní omi.